Ẹ̀fọn jẹ ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ara rẹ̀ gbóná: ṣé fáírọ́ọ̀sì ló wà nídìí rẹ̀?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Kétu ni mo bí ọmọ mi obìnrin sí, ó ti pé ọdún mẹ́fà. Oṣù mẹ́rin sẹ́yìn la kó wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), lẹ́bàá ọ̀sà. Láti ìgbà náà, bí ẹ̀fọn bá jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ẹsẹ̀ náà á ti wú, á gbóná, á máa dán. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìléròrò ti yọ níbẹ̀, tí ara rẹ̀ sì gbóná lóru. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n jọ ń sùn lórí ẹní kan náà, kò sí ohun tó ń ṣe é. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ náà tẹ nǹkan ni. Àbúrò mi tó wà ní Kutọnu ní òun kà á lórí fóònù pé fáírọ́ọ̀sì kan wà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, òun ló ń jẹ́ kí ara ọmọ máa ṣe báyìí, pé ó máa ń di jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. N kò rí oorun sùn mọ́. Àyẹ̀wò wo ni kí n lọ ṣe? Àbí kí n dá a padà sí Kétu?”

Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ sì kú àìsùn. Ohun mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká tú wọn. Àìsàn tí àbúrò yín kà nípa rẹ̀ wà lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò pa á nírọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kọ́ ló ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà kiri; ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ ọn lójú. Ohun tí ẹ sì ṣàpèjúwe nípa ọmọ yín jọ nǹkan mìíràn tó wọ́pọ̀ jù ú lọ fíìfíì, tó ń dani láàmú, àmọ́ tó máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ọmọ bá ti ń dàgbà. N kò fojú rí ẹsẹ̀ náà, lẹ́tà kò sì ṣeé fọwọ́ tẹ̀ bí awọ ara. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n sọ ohun tí ẹ máa wò, ìgbà tí ẹ lè tọ́jú rẹ̀ nílé, àti ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbé e dìde.

Abo ẹ̀fọn nìkan ló ń mu ẹ̀jẹ̀, torí ẹyin tó fẹ́ yé ló sì ṣe ń mu ún. Bó bá ti ki ẹnu bọ awọ, itọ́ ló kọ́kọ́ ń tu síbẹ̀. Itọ́ yìí ní ohun tó ń jẹ́ kí iṣan ẹ̀jẹ̀ là sílẹ̀, ó ní èyí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kó lè mu àmutẹ́rùn kí ọwọ́ wa tó bà á. Itọ́ náà ni ara ń bá jà. Láàárín ìṣẹ́jú 20, ojú ibẹ̀ á le, á ga díẹ̀, á máa yún, á sì tún lọ. Tó bá tó bíi wákàtí 24 sí 36, kókó kejì á yọ, òun ló máa ń pẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àwọn ọmọ kan wà ṣá tí ara wọn kì í mọ ìwọ̀n ogun: ẹ̀fọn kan ṣoṣo ló wọlé, ara ti kó gbogbo ìlú jáde. Láàárín wákàtí díẹ̀, ẹsẹ̀ á wú láti kókósẹ̀ dé itòsí orókùn, á gbóná bí ẹni tó yáná, ìléròrò olómi kedere lè yọ, ara lè gbóná díẹ̀. Awọ ara wa tó dúdú kì í jẹ́ kí pípọ́n rẹ̀ hàn. Dídán tí ẹ rí yẹn ni pípọ́n náà. Simons àti Peng kọ nípa rẹ̀ ní Kánádà ní 1999, wọ́n sì sọ ọ́ ní skeeter syndrome, nítorí skeeter ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pe ẹ̀fọn lọ́hùn-ún. Àlẹ́jì sí itọ́ ẹ̀fọn ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì nílò fáírọ́ọ̀sì kankan kó tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò wú. Àwọn ará ilé á ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ korò, ti àbúrò ló dùn. Ẹ̀fọn kì í tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò kó tó bà. Èémí tí à ń mí jáde, òórùn ara àti ooru ara ló ń tẹ̀ lé wá. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iye kan náà ló jẹ àwọn méjèèjì. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ara máa ń kọ́ itọ́ ẹ̀fọn díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ ṣe ń ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tí irú ẹ̀fọn kan kò jẹ rí, tó bá kọ́kọ́ jẹ ẹ́, kò sí ohun tó máa hàn. Lẹ́yìn ìyẹn, kókó ọjọ́ kejì nìkan ni yóò máa yọ. Lẹ́yìn náà, ti ojú ẹsẹ̀ àti ti ọjọ́ kejì á jọ máa wá. Kíláàsì yìí ló burú jù. Bó bá yá, ti ojú ẹsẹ̀ nìkan ló máa kù, níkẹyìn kò ní sí ìkankan mọ́. Ẹ̀gbọ́n lè ti jáde ilé ìwé. Àbúrò ṣì wà láàárín. Ara tó sì mọ itọ́ irú ẹ̀fọn kan kò tíì mọ ti èkejì tán. Orí ilẹ̀ gíga ni Kétu wà, omi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, inú ìkòkò àti kànga òjò ni wọ́n ń tọ́jú omi sí, ẹ̀fọn dúdú tó ní àmì funfun lẹ́sẹ̀, tó ń jẹni lójú mọmọ, ló fẹ́ràn irú omi bẹ́ẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, gọ́tà àti ihò ṣalángá ni ti èyí tó ń kọrin sétí wa lóru. Méjèèjì wà ní ìlú méjèèjì, òótọ́ ni, àmọ́ èyí tó pọ̀ ní ọ̀kan kọ́ ló pọ̀ ní èkejì. Àlejò ni ọmọ yín jẹ́ fún ẹ̀fọn ọ̀sà. Oṣù mẹ́rin péré kò tíì tó kí ara rẹ̀ ṣe tán pẹ̀lú wọn.

Ní ti ara gbígbóná, ẹ fara balẹ̀ níbí. Ẹ̀fọn tó jẹ ẹ́ lálẹ́ àná kò lè fún un ní ibà lónìí. Láti ìgbà tí ẹ̀fọn oníbà bá ti jẹni, ó kéré tán ọjọ́ 7, ó sì sábà máa ń tó ọjọ́ 10 sí 15, kí ara tó gbóná. Ìyẹn kò wá sọ pé kí ẹ fojú fo ibà. Ẹ̀fọn tó jẹ ẹ́ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn kò fi ìwé sílẹ̀. Nítorí náà, nígbàkígbà tí tẹmọ́mítà abíyá bá ti fi 37.5 hàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ ṣe TDR, àyẹ̀wò ibà kíákíá. Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan lórí ìka ni, èsì á jáde kí ìdajì wákàtí tó pé. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ wú bí ọwọ̀n, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé “ẹsẹ̀ ló fà á” kí ẹ fi padà sílé láìṣe é. Ohun kejì tó lè mú ara gbóná ni kí kòkòrò ìdọ̀tí gba ojú ibi tó ha wọlé. Èyí gan-an ni wọ́n máa ń ṣì mú jù, tí wọ́n á fún ọmọ ní òògùn apakòkòrò tí kò nílò, tàbí kí wọ́n má fún èyí tó nílò rẹ̀. Aago ni ẹ fi máa mọ̀ ọ́n. Wíwú àlẹ́jì máa ń dé láàárín wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí ẹ̀fọn jẹ ẹ́, ó máa ń yún ju kó dunni lọ. Ti kòkòrò ìdọ̀tí máa ń pẹ́ kó tó dé, ó di ọjọ́ kejì tàbí ẹ̀kẹta, nígbà tí ọmọ ti họ ibẹ̀ bẹ́. Dídùn rẹ̀ ju yíyún lọ, ọyún lè yọ tàbí kí èépá aláwọ̀ oyin bo ojú rẹ̀. Ẹ mú bírò, ẹ fa ìlà yí etí ibi tó wú ká, ẹ kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lára ọmọ náà. Bó bá di ọjọ́ kejì tí wíwú ti ré kọjá ìlà, tí ó ń dùn ún, tí ara ń gbóná, ilé ìwòsàn ló kàn. Bó bá sì ti fà sẹ́yìn kúrò létí ìlà, ẹ jókòó yín.

Ó kan fáírọ́ọ̀sì tó gba oorun lójú yín wàyí. Epstein-Barr ni orúkọ rẹ̀, EBV ni wọ́n máa ń kọ ní kúkúrú. Ọdún 1964 ni Epstein, Achong àti Barr rí i nínú kókó jẹjẹrẹ tó wá láti ara ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà, irú kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí dókítà Burkitt ti kọ nípa rẹ̀ láti Ùgáńdà ní 1958. Itọ́ èèyàn ló ń gbé e kiri. Ìyá àgbà tó run ẹran kó tó fi sẹ́nu ọmọ, ife kan tí ọmọ mẹ́rin jọ fẹnu kàn, ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn. Nínú 100 àgbàlagbà lágbàáyé, ó lé ní 90 tó ní in lára, níhìn-ín sì rèé, ọ̀pọ̀ ọmọ ti kó o kí wọ́n tó lé ní ọdún 3, tí ìyá wọn kò sì mọ̀. Ó ṣeé ṣe gan-an kó wà lára èmi tí mò ń kọ̀wé àti ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Nínú irú sẹ́ẹ̀lì funfun kan nínú ẹ̀jẹ̀ ló máa ń sá pamọ́ sí, á sì wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́ títí ọjọ́ ayé ẹni. Nínú àwọn èèyàn kéréje kan ló máa ń yà bàrá wọ inú sẹ́ẹ̀lì mìíràn tí wọ́n ń pè ní NK, sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa pa ọ̀tá. Ẹ fojú inú wo olè tó gbé aṣọ ọdẹ wọ̀. Bí ẹ̀fọn bá wá jẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara tó dá itọ́ ẹ̀fọn mọ̀ á dìde, ìrúkèrúdò wọn á jí fáírọ́ọ̀sì tó ti wà nínú NK. Ẹ̀fọn kọ́ ló gbé e wá. Inú ilé ló ti bá a.

Bí àìsàn náà ṣe rí nìyí, kí ẹ lè fi wéra. Ìléròrò ńlá á yọ lójú ibi tí ẹ̀fọn jẹ, omi inú rẹ̀ á di ẹ̀jẹ̀, awọ ibẹ̀ á dúdú kirikiri, á kú, á ṣí kúrò, egbò jíjìn á wà lábẹ́ rẹ̀, àpá tó máa fi sílẹ̀ á sì dà bíi ti ẹni tí iná jó. Ara á gbóná gan-an, 39 tàbí 40, fún ọjọ́ púpọ̀, kì í ṣe òru kan. Kókó á so ní ọrùn, abíyá tàbí ìtan. Ẹ̀dọ̀ lè wú, kí ọwọ́ dókítà máa bá a lábẹ́ ìhà ọ̀tún. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí lẹ́yìn ẹ̀fọn kọ̀ọ̀kan; nígbà míì pàápàá, ojú ibi tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ á ṣe bákan náà. Láàárín kan sí èkejì, ọmọ lè máa ṣeré bí ẹni tí kò ṣàìsàn rí. Japan ni wọ́n ti rí i jù, ó sì wà ní Kòríà, Taiwan, Mexico àti àwọn ilẹ̀ kan ní gúúsù Amẹ́ríkà. Níhà ọ̀dọ̀ wa ó ṣọ̀wọ́n gidi. Ìgbà èwe ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀, n kò sì ní fi pamọ́ fún yín pé ọjọ́ orí ọmọ yín wà nínú rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan, lójú oòrùn. Àwọn ibi tí ìléròrò méjì yẹn ti yọ, ṣé awọ ibẹ̀ tẹ́jú, tó kàn dúdú díẹ̀, tàbí ó jinnú tó sì ń dán bí àpá iná? Omi inú ìléròrò náà, ṣé ó mọ́ gaara tàbí ó pupa? Ara gbígbóná náà, ṣé ó kọjá ọjọ́ kejì? Bó bá jẹ́ pé awọ tẹ́jú, omi mọ́, ara sì tutù lọ́jọ́ kejì, ẹ lè sùn lálẹ́ òní.

Lórí àyẹ̀wò, ẹ gbọ́ mi dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni owó ń ṣòfò sí. Bí ẹ bá kàn wọ láàbù kan tí ẹ ní kí wọ́n yẹ ọmọ wò fún EBV, ohun tí wọ́n sábà máa wò ni bóyá ara rẹ̀ ti bá fáírọ́ọ̀sì náà pàdé rí. Á jáde pé bẹ́ẹ̀ ni. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á jáde bẹ́ẹ̀, ti ọmọ aládùúgbò á jáde bẹ́ẹ̀, tiyín náà. Ẹ ó bú sẹ́kún lórí ìwé tí kò sọ nǹkankan. Àyẹ̀wò tó ní ìtumọ̀ ni PCR tó ń ka iye fáírọ́ọ̀sì tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, pẹ̀lú èyí tó ń wo irú sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé inú rẹ̀, àti bíbẹ awọ díẹ̀ lójú egbò kí wọ́n fi wò ó lábẹ́ awò. Dókítà awọ ara tàbí dókítà ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ńlá bíi CNHU ní Kutọnu ló yẹ kó pa á láṣẹ, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fúnra rẹ̀ lọ rà. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ibẹ̀, ohun tó kéré ló máa ń là á: TDR, NFS tó ń ka àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀, ASAT àti ALAT fún ẹ̀dọ̀, kí dókítà sì fọwọ́ tẹ ọrùn, abíyá àti ikùn ọmọ náà wò. Bí NFS bá sọ pé àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n ń pè ní éosinophile pọ̀, ẹ má fòyà. Àlẹ́jì máa ń fà á, aràn inú náà máa ń fà á, ọmọ wo ni kò sì ní aràn? Bó bá wá di pé àìsàn tó ṣọ̀wọ́n yẹn ni lóòótọ́, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé òògùn bíi prednisone lè pẹ̀tù sí i fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ pípààrọ̀ mùdùnmúdùn egungun nìkan ló ń wò ó sàn, ìyẹn sì jẹ́ iṣẹ́ àwọn ilé ìwòsàn díẹ̀ lágbàáyé, owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìdí nìyẹn tí n kò fi fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ rẹ̀ ṣeré lórí fóònù.

Bí a bá ní ká sọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì àti ẹ̀fọn ní ilẹ̀ wa, èyí tó yẹ kó wá síni lọ́kàn kọ́kọ́ ni VIH, èyí tó ń fa sídà. Ẹ̀fọn kì í gbé e, inú ẹ̀fọn ló ń kú sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí VIH bá ti dín agbára ara rẹ̀ kù lè bẹ̀rẹ̀ sí í ní kókó kéékèèké tó ń yún lápá àti lẹ́sẹ̀, ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí kì í tán fún oṣù, tó ń fi ojú dúdú sílẹ̀; ara ló ń ṣe àṣejù sí ẹ̀fọn àti àwọn kòkòrò tó ń jẹni. Kò jọ ẹsẹ̀ kan tó wú lọ́jọ́ kan tó sì wálẹ̀ bíi ti ọmọ yín. Síbẹ̀ àyẹ̀wò rẹ̀ rọrùn, bí wọn kò bá ṣe é fún yín nígbà oyún rẹ̀, ẹ ṣe é kí ọkàn yín balẹ̀. Àgbàlagbà tí ẹ̀fọn kò dà láàmú rí, tó wá ṣàdédé ń wú ìwúkúwùú lẹ́yìn ẹ̀fọn, kí òun náà lọ ṣe NFS, nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan tó ń mú àgbàlagbà lè fi ẹsẹ̀ yẹn wọlé. Ní ti EBV fúnra rẹ̀, ibi tó ti pàdé ẹ̀fọn ní ilẹ̀ Áfíríkà kì í ṣe awọ ẹsẹ̀. Ibà tó ń mú ọmọ lemọ́lemọ́ ló ń ran fáírọ́ọ̀sì náà lọ́wọ́ láti di kókó Burkitt: ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ á wú, eyín á máa mì, kókó náà á máa dàgbà lójú èèyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i. Ẹni tó bá rí ìyẹn kó má dúró de ọ̀la. Òògùn máa ń ràn án dáadáa bí wọ́n bá tètè gbé e wá.

Ìyá ọkọ yín tó ní ọmọ tẹ nǹkan, ẹ má bá wọn jà. Ojú wọn ti rí ẹsẹ̀ tó wú tí kò sì lọ, ojú wọn kò purọ́. Ní agbègbè Wẹ̀mẹ̀ títí dé Pobẹ̀, àìsàn kan wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, Buruli ni wọ́n ń pè é. Kókó kékeré tàbí wíwú ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀, kì í dunni, kì í yún, ara kì í gbóná, ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ó ń fẹ̀, lẹ́yìn náà ojú rẹ̀ á là, egbò á sì jẹ abẹ́ awọ lọ. Nítorí pé kò dunni, aráyé á fi oògùn ilé kùn ún títí á fi bàjẹ́. Pobẹ̀ ní ilé ìtọ́jú tó wà fún un. Òògùn rifampicin àti clarithromycin fún ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n ń lò, ẹni tó bá tètè dé kò ní rí ọ̀bẹ. Ẹsẹ̀ ọmọ yín ń yún, ó ń wú lálẹ́, ó ń wálẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò jọ ọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé wíwú kan wà tó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí kò dùn ún, ẹ má jókòó.

Ìtọ́jú kò le. Bí ẹ bá ti rí i pé ẹ̀fọn jẹ ẹ́, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀. Ẹ di yìnyín mọ́ aṣọ, ẹ gbé e lé e fún ìṣẹ́jú 10, ẹ gbé e kúrò, ẹ tún gbé e lé e. Kí yìnyín má kan awọ ní tààràtà. Ẹ gbé ẹsẹ̀ náà ga lórí ìrọ̀rí bó bá ń sùn. Ẹ fún un ní cetirizine olómi, òògùn àlẹ́jì: ọmọ ọdún 6 sí 11 á mu mílígíráàmù 5 láàárọ̀, 5 lálẹ́; ọmọ ọdún 2 sí 5 á mu 2.5 lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ tí kò tó 2, ọ̀dọ̀ dókítà ni. Ẹ ka ara ìgò, kí ẹ mọ mílígíráàmù tó wà nínú mílílítà kan, nítorí ṣíbí ilé kì í ṣe òṣùwọ̀n. Pàrá (paracetamol) fún ara gbígbóná jẹ́ mílígíráàmù 15 fún kílò kan, kò gbọ́dọ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ lójúmọ́: ọmọ tó wọn kílò 20, 300 ni tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Kò sí aspirin fún ọmọdé. Ìpara hydrocortisone ìdá 1 nínú 100, fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, kó má ju ọjọ́ 7 lọ, orí awọ tí kò bẹ́ nìkan. Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀ yín: ìpara bíbóra inú ọjà tí wọ́n á ní “ó ń pa yíyún lójú ẹsẹ̀”, clobetasol ló sábà wà nínú rẹ̀. Ó ń pa yíyún lóòótọ́, ó ń sọ awọ ọmọ di bébà pẹ̀lú. Ẹ má fi kẹrosíìnì, iyọ̀ tàbí róòbù sí i, ẹ má sì tú ìyẹ̀fun inú kápúsù òògùn apakòkòrò sójú rẹ̀. Èépá tó ń dì lórí ìyẹfun yẹn ni ọyún máa ń sá sí lábẹ́. Ìléròrò, ẹ má bẹ́ ẹ. Ẹ gé èékánná ọmọ náà. Èékánná ló ń sọ ẹ̀fọn di egbò.

Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ di ọ̀rọ̀ àgbéyẹ̀wò. Bí ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ bá wú lẹ́yìn tí ẹ̀fọn jẹ ẹ́, tí ohùn rẹ̀ há, tí èémí rẹ̀ ń dún fíìfíì, tí ó ń bì léraléra tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, bí kò bá lè mí dáadáa ẹ jẹ́ kó jókòó, kí mọ́tò tó bá wà nítòsí gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù. Abẹ́rẹ́ adirẹnalíìnì sí itan ni òògùn rẹ̀. Ẹ má bu epo pupa sí i lẹ́nu. Ọmọ tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró ni epo náà ń bá lọ. Kí ẹ̀fọn ṣe èyí ṣọ̀wọ́n, oyin àti agbọ́n ló sábà ń ṣe é.

Kí ẹ dá a padà sí Kétu? N kò rí ìdí rẹ̀. Ẹ̀fọn wà ní Kétu, ó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́, bó bá sì padà wá sí Àjàṣẹ́ lẹ́yìn ọdún kan, ìwé àtẹ̀yìnwá ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ dín jíjẹ kù títí ara á fi mọ̀ ọ́n. Kí etí àwọ̀n olóògùn wọlé sábẹ́ ẹní yí ká. Ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀ lóru kí ẹ rí ihò, ẹ rán an. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́, ọṣẹ lásán ni, kí ẹ sá a sí ibòji. Fáànù tó ń fẹ́ sí ẹsẹ̀ ń dí ẹ̀fọn lọ́wọ́, nítorí kì í ṣe afò-líle. Ìpara alé-ẹ̀fọn tó ní DEET, ìdá 20 sí 30, ẹ fi pa ẹsẹ̀ àti apá ní ìrọ̀lẹ́, kó má kan ọwọ́, ojú, tàbí ibi tó bẹ́. Ìkòkò omi, ẹ dà á nù lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kí ẹ sì fi kànìnkànìn fọ ìhà inú rẹ̀, nítorí ẹyin ẹ̀fọn lẹ̀ mọ́ ìhà, bí ẹ bá da omi nù láìfọ̀ ọ́, ẹyin ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá ló ń gba ẹyin kó tó fò. Gọ́tà iwájú ilé, ẹ pe àwọn ará àdúgbò, ẹ̀yin nìkan kò lè dá a kó. Bó bá sì jẹ́ pé lójoojúmọ́ ló ń wú ní àsìkò òjò, dókítà lè ní kó máa mu cetirizine lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ̀fọn tó jẹ ẹ́. Ó ń dín wíwú àti yíyún kù.

Nígbà tí ẹ̀fọn bá tún jẹ ẹ́ tó sì wú, ẹ ya fọ́tò ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta: lálẹ́ náà, láàárọ̀ ọjọ́ kejì, àti lọ́jọ́ kẹta, kí ìlà bírò hàn nínú rẹ̀. Ẹ kọ ara gbígbóná rẹ̀ sẹ́yìn káàdì àjẹsára rẹ̀ pẹ̀lú aago. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ fún dókítà tó bá máa wò ó, ní ilé ìwòsàn ńlá CHUD tàbí ibòmíì ní Àjàṣẹ́. Bí awọ bá dúdú tó sì kú, bí ara bá gbóná kọjá ọjọ́ kejì tí TDR kò rí ibà, tàbí tí kókó bá so lọ́rùn rẹ̀, ẹ má dúró de fọ́tò kẹta.